Ajá Tó Ṣì Ń Mu Omi

Àpá mẹ́tàdínlógún ló wà lára Ìjánu, ó sì mọ ajá tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí èèyàn bá jókòó tì í pẹ́ díẹ̀, á ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á máa fi ìka tọ́ka sí wọn, á máa rẹ́rìn-ín: eléyìí, ajá pupa kan tí kò fẹ́ràn fìlà ló ṣe é, eléyìí, abo ajá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń kọ́ ajá aṣọ́lé. Ìjánu kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé okùn ajá kì í kúrò léjìká rẹ̀, àní bó bá ń lọ wẹ̀.

Èkejìdínlógún ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè gìgísẹ̀, ihò kékeré méjì tí bàtà máa ń bò mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ojú ń tì í. Ní ọgbà ajá yẹn, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sórí ìwé: ajá tó bá bu olùkọ́ rẹ̀ jẹ kò tíì bu èèyàn jẹ. Bí ọ̀gá tó ni ọgbà bá gbọ́, ìbọn ni, iṣẹ́ ọdún méjì sì ti wọgbó nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ajá bá bù jẹ á fọ ojú ọgbẹ́, á fi aṣọ dì í, á pa ẹnu mọ́. Òfin kejì tẹ̀ lé ìyẹn. Bí ìwà ajá bá yí padà, ẹ gbé bàsíà omi síwájú rẹ̀. Bó bá mu ún, orí rẹ̀ pé, ẹ fi í sílẹ̀. Dìgbòlugi ń sá fún omi. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé bá sì ti mọ̀, ta ni yóò tún jókòó yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni Jagun bù ú jẹ. Ajá dúdú ni Jagun, òun ló gbọ́n jù nínú ọgbà; bí Ìjánu bá kàn mí kanlẹ̀ lásán, ó ti mọ ohun tó fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣàdédé yíjú padà, ó ki eyín bọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ìjánu gbé omi síwájú rẹ̀. Jagun ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó ń lá a, omi ń ta sílẹ̀ yí i ká. Inú Ìjánu dùn débi pé ó gbàgbé ìrora. Ó fi omi iyọ̀ ṣan ẹsẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Jagun gba àárín wáyà bu Ọfà, ajá tó wà ní kéèjì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, jẹ nímú. Ní ọjọ́ karùn-ún, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá nínú kéèjì. Ó ti jẹ irin títí eyín rẹ̀ fi kán mọ́ ọn lẹ́nu. Ìjánu sọ fún ọ̀gá pé májèlé eku ló jẹ, òun fúnra rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Ajá tó mu omi, kí ló tún lè pa á?

Ó gbé omi síwájú Ọfà náà. Ọfà mu ún tán.

Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kí wọ́n máa gún fún àwọn ajá náà, ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀gá ti dá a dúró. Ó ní ajá tí kì í jáde, níbo ló ti máa kó àrùn? Bí ẹni pé àrùn máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ní Sátidé tí à ń sọ yìí, àbúrò Ìjánu obìnrin dé sí ọgbà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò yìí nígbà tí ìyá wọn kú, Ìjánu sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń sin ín lọ sílé ìwé, òun ló ń bá a di irun. Bí ẹni ń so okùn ajá ló ṣe ń di irun náà, tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn sọ́mọ lórí. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìjánu pé kí ló fi ayé rẹ̀ ṣe, kì í ka ajá. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń dárúkọ.

Inú yàrá àyẹ̀wò kan ni àbúrò náà ti ń ṣiṣẹ́, tó máa ń dojú bo awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń pè é ní Ojú-Awò. Ó fẹ́ fi nǹkan hàn án, inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró kí ó kí i tán. Ìjánu ń tú Ọfà sílẹ̀ nínú kéèjì lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ òpó irin tó wà láàárín ọgbà, ó wá fìdí kalẹ̀ sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àbúrò rẹ̀ jókòó lé.

Orí ń fọ́ Ìjánu láti ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yún un láti ọjọ́ mẹ́rin, ó ń fi imú bàtà kejì họ ọ́. Bàtà tuntun tí ọ̀gá pín fún wọn ló dá lẹ́bi.

Àbúrò rẹ̀ gbé fóònù sí i lójú. Ìlà tóóró kan ló ń tàn nínú òkùnkùn, àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké sì ń gbá yìn-ìn lójú ìlà náà, gbogbo wọn ń forí lé apá òsì.

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní okùn iṣan kan nìyẹn. Ó ní kó fojú inú wo ilé kan tó wà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, ilé tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n tó na ọwọ́ kan jáde, ọwọ́ náà sì gùn dé gìgísẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ilé àti ọwọ́ yẹn. Oúnjẹ àti irinṣẹ́ ń ti inú ilé jáde lọ sí ìpẹ̀kun ọwọ́. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó ń padà bọ̀ wálé ni òun ń ṣọ́ ní tòun. Ojú irin wà nínú okùn náà, aláàárù ẹlẹ́sẹ̀ méjì sì ń rìn lórí rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, á di ẹrù mú: ohun tó ti gbó tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, iṣẹ́ tí ẹran ara rán sílé. Á wá máa gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ títí á fi gbé e dé inú ilé. Ohun tó máa rìn láàárín ọjọ́ kan kò ju orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín ọwọ́ tí èèyàn là sílẹ̀. Bí ìròyìn kò bá ti ẹ̀yìn odi wálé fún ìgbà pípẹ́, ilé náà á kú.

“Owó gidi ni wọ́n ń san fún ẹ,” ni Ìjánu wí, “kó o máa jókòó wo aláàárù.”

“Ẹ̀yin náà, owó gidi ni wọ́n ń san fún yín kẹ́ ẹ máa bá ajá jà.”

Ìjánu rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé ṣé aláàárù yẹn kì í wo inú ẹrù kó tó gbé e. Ojú-Awò ní ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Kì í wò ó. Ohunkóhun tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ ọn, ó ń gbé e lọ sílé. “Olè sì wà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ló ní, ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọfà kò gbó. Ohun tí Ìjánu kò dárí ji ara rẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà nìyí: ó ti rí i láàárọ̀ pé omi ń dà padà jáde lẹ́nu ajá náà bó ṣe ń mu ún, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé eegun ló há a lọ́fun. Ó sì rí i nísinsìnyí pé Ọfà kò wo òun, afẹ́fẹ́ ló tẹjú mọ́. Ajá tí wọ́n kọ́ máa ń wo ojú ẹni tó kọ́ ọ. Kó tó dìde, Ọfà ti já ìkọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò gba ọ̀dọ̀ Ìjánu. Ojú-Awò ló fò mọ́, ó ki eyín bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti abẹ́ ojú dé etí ẹnu, àpótí àti obìnrin àti ajá sì ṣubú pọ̀. Apá ni wọ́n kọ́ Ọfà láti máa dì mú, kó sì dúró gbọin títí wọ́n á fi ní kó fi sílẹ̀. Eléyìí kò dúró. Ó ń ya, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń bù ú. Ìjánu pàṣẹ tí Ọfà kò kọ̀ rí láti ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí ẹni bá òkúta sọ̀rọ̀ ni. Ó bẹ́ lé e lẹ́yìn, ó fi okùn èjìká rẹ̀ dẹ́ ọrùn ajá náà, ó lọ́ ọ títí ọwọ́ tirẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọfà kò mí mọ́, síbẹ̀ kò tú Ojú-Awò sílẹ̀. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ là fi ń gbọ́mọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ó na ọwọ́ gbé ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ajá, ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ àárín eyín Ọfà, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Eyín kan kán, ó dún pá. Ẹnu là.

Ajá náà yíjú sí i. Itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ìjánu gbá a lórí pẹ̀lú abẹ ṣọ́bìrì, ó ṣubú. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbé ara rẹ̀ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e mọ́, ó sì ń fà bọ̀ síbẹ̀, ó ṣì ń la ẹnu. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Egungun orí wọlé. Kò dúró níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi tọ́ ajá yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi fún un ní wàrà nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì ń gbá a, ó ń gbá a, títí ohun tó wà nílẹ̀ kò fi jọ ajá mọ́, tí irin ṣọ́bìrì ń kan sìmẹ́ǹtì.

“Ẹ̀gbọ́n. Ó ti kú.”

Àbúrò rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, apá kan ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, nítorí apá kejì ti ya. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi. Kò sunkún. Ọṣẹ ló ń bèèrè. Ìjánu sáré mú ọṣẹ ìfọṣọ wá, Ojú-Awò sì fi ń fọ inú ẹran ojú ara rẹ̀ lábẹ́ omi tó ń dà, ó ń gbọ̀n, ó ń fọ̀ ọ́, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọ́dọ̀ dín. Ìjánu tó ti rí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ láyé kò lè wo ibẹ̀. Aago ló ń wò.

Ọkọ̀ ọgbà ló fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ ìyá àgbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé Ojú-Awò sórí ìwọ̀n, ó sì lọ ṣí fíríìjì. Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n máa gún sí i lápá, ó ní oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ wọ inú ojú ọgbẹ́ gan-an lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ìgò kékeré mẹ́fà ló kù. Mẹ́fà gan-an ni ìwọ̀n ara obìnrin yìí máa gbà. Òmíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó ń gún un yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ká, ó ń gún un sínú ibi tó ya. Èékánná Ojú-Awò wọ ẹran ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìjánu sì fi ọwọ́ sílẹ̀ fún un. Ìgbà tó kan ìgò kẹrin ni nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ajá yìí bù yín jẹ? Tàbí ajá mìíràn láti bí oṣù mélòó kan?”

Ìgò méjì ló kù lórí tábìlì. Ìjánu wò wọ́n. Bó bá sọ òtítọ́, obìnrin yìí lè ní kí wọ́n pín in. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná tipẹ́, ojú àbúrò rẹ̀ sì la sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò jìnnà, òun á padà wá nígbà yẹn, òun á sọ fún un ní kọ̀rọ̀.

“Rárá, mà,” ló ní.

Nígbà tí wọ́n ń rán ojú Ojú-Awò, wọ́n ní kí Ìjánu bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Gúlóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ náà ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Ó fẹ́ mu omi, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ láti àná, ṣùgbọ́n tíì tó fẹ́ mu láàárọ̀ ti há a lọ́fun, kò sì ní ìfẹ́ sí i mọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí nígbà tí ọ̀gá tó ni ọgbà dé, tí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀gá kẹ́dùn dáadáa. Ó fọwọ́ kan Ìjánu léjìká. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí àwọn ará ìlera bá bèèrè, kí wọ́n sọ pé ajá ìgboro ló wọ ọgbà, nítorí àwọn oníbàárà tó ti ra ajá lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kò sídìí fún ìpayà rárá.

“Ṣebí ìwọ náà rí i, Ọfà mu omi láàárọ̀ yìí. Ajá tó ṣì ń mu omi kò lè ní dìgbòlugi.”

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ìjánu jù bà á lẹ́nu. Ọ̀gá fẹ̀yìn lu ògiri, Ìjánu sì tẹ̀ lé e, ó dì í lọ́rùn mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n lẹ ìwé “Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Pariwo” mọ́. Ọkùnrin méjì ló fà á kúrò, ẹnì kẹta ló yọ ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kúrò lọ́nà ọ̀fun ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n fi rí i ṣe, Ìjánu ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ti ń bínú láyé rí, ṣùgbọ́n kò bínú báyìí rí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ bu ọkùnrin náà jẹ; ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là.

Nọ́ọ̀sì jáde, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní àbúrò rẹ̀ ń pè é.

Wọ́n ti tẹ́ Ojú-Awò sí yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀. Ìgò omi àti ife oníke kan wà lórí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìjánu fi àga jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti irin bẹ́ẹ̀dì, kò sì mọ̀ pé òun ń fi gìgísẹ̀ fá irin náà lọ, fá a bọ̀.

Ó ní kí àbúrò òun má bínú. Ojú-Awò ní kí ni kí òun bínú sí, àfi tó bá tún fẹ́ di irun òun. Ẹ̀rín náà dùn ún lójú, ó sinmi díẹ̀. Ìjánu wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi gún oògùn náà sínú ọgbẹ́, tí kì í ṣe ìdí.

“Olè tí mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀ nìyẹn,” ló ní. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná an lágbára. Itọ́ ajá náà ló ń gbé kòkòrò dìgbòlugi wọlé. Kòkòrò náà kò lẹ́sẹ̀, kò lè dá rìn dé ọpọlọ láé. Ṣùgbọ́n bó bá rí ìpẹ̀kun okùn iṣan nínú ẹran ara, á wọ inú rẹ̀, á dì mọ́ aláàárù, aláàárù á sì gbé e bí ó ṣe ń gbé ẹrù yòókù. Bó pẹ́ bó yá, àbọ̀ oko, ilé ni. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọpọlọ kò jìnnà, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń kánjú. Lẹ́nu ọ̀nà ni oògùn yẹn ti ń pàdé rẹ̀. Bó bá ti wọ inú okùn, oògùn kò lè lé e bá mọ́.

“Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ jìn. Ó tún lè lúgọ sínú ẹran ara fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó wọ okùn rárá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ lẹ́sẹ̀ tí kò tíì ṣe é ní nǹkan kan, kódà lẹ́yìn oṣù méjì, ó yẹ kó gbabẹ́rẹ́.”

Ara Ìjánu wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kù ọjọ́ mẹ́ta péré. Ayọ̀ náà ló jẹ́ kó tún bi í ní èyí tó kàn, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti délé?”

“Ojú ọgbẹ́ tó ti jinná á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Èèyàn á rò pé ẹsẹ̀ ló ń yún, ilé ló ń pariwo.”

Irin bẹ́ẹ̀dì tó ti ń dún láti ìgbà tó ti jókòó dákẹ́.

Ojú-Awò gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ojú kan tó kù ní gbangba ló yí sísàlẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó bọ́ bàtà. Ìjánu ní bàtà tuntun ni, gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ ló ń ráhùn rẹ̀. Ó tún ní kó bọ́ ọ. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn ìyá wọn ni.

Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó ti họ ibẹ̀ títí awọ fi bó, ihò méjì náà sì hàn kedere láàárín pípọ́n rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ẹni tó lè wo ìrìn ajá kó sọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá gágá, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń bá bàtà wí.

“Ta ni?” ló bi í.

“Jagun.”

“Ìgbà wo?”

“Ọ̀sẹ̀ méje.” Ó wá ń sọ ọ́ kíákíá bí ọmọdé tó ń ro ẹjọ́. “Mo gbé omi síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ojú mi ló ṣe mu ún. Ó mu ún, Àbúrò. Ọfà náà mu ún.”

“Ajá lè máa mu omi títí á fi kú, Ẹ̀gbọ́n,” ni Ojú-Awò wí. “Èèyàn ni kì í lè mu ún.”

Ó dìde jókòó. Ó gbé ìgò omi, ó da díẹ̀ sínú ife oníke náà, òmíràn ta sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó nà án sí i, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mu ún. Ó ní kó jọ̀ọ́, ẹnu kan péré, kó mu ún kí òun rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún lọ́jọ́ náà nìyẹn, omijé sì ń wọ abẹ́ báńdéèjì lọ.

Ìjánu gba ife. Ó wo omi náà. Omi lásán ni, irú èyí tó ti gbé síwájú ajá bí ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó gbé e sókè. Kó tó dé ètè rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ dì, ó dì gbagidi, bí ìgbà tí èèyàn bá fa okùn mọ́ ajá lọ́rùn, àyà rẹ̀ sì fò sókè, orí rẹ̀ ta sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìró kan tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ife bọ́. Ó dìde gìrì, àga ṣubú, ó ń fẹ̀yìn rìn kúrò níbi tí omi dà sí títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìjánu ní kó má sún mọ́ òun. Ohùn tó fi ń pàṣẹ fún ajá ló fi sọ ọ́, Ojú-Awò sì dúró.

Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ là, ó fọwọ́ nu itọ́ tó ti dà sí i lágbọ̀n, ó wo ọwọ́ náà, ó fi nu ara ṣòkòtò. Ó bọ́ okùn ajá kúrò léjìká. Ẹ̀jẹ̀ Ọfà ti gbẹ mọ́ ọn. Ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀.

“Pe nọ́ọ̀sì,” ló ní. “Kí wọ́n wá dè mí nísinsìnyí tí mo ṣì mọ̀ ẹ́. Sọ fún wọn pé okùn yẹn lágbára, kí wọ́n so ó lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá. Ibẹ̀ ló wà tó ń wo ojú àbúrò rẹ̀ títí wọ́n fi dé.